Èso Igi Tí A Rí ní Perth

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi wá léèrè bí ìrìn àjò wa sí ilẹ̀ Ọsirélíà ti rí, níbi tí àwa àti ìyàwó wa ti lọ fa àbíkẹ́yìn wa obìnrin fún ọkọ. Ẹ ti gbọ́ ìròyìn ìgbéyàwó náà, ẹ sì ti bá wa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí a kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jẹ mọ́ èso igi kan tí ó le bí òkúta, tí ènìyàn kò lè jẹ, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìyá àti ọmọ nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjì péré. Màmá ti fún wa láyè kí a sọ ọ́. Ó ní yóò ran àwọn tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ ilé Ọlọ́run lọ́wọ́, yóò sì ran àwọn tí ó ní ọmọ lókè òkun lọ́wọ́ pẹ̀lú.

ÌRÌN ÀJÒ NÁÀ

Èkó ni a ti wọ bàálù. A pààrọ̀ ọkọ̀ ní Doha, láti ibẹ̀ a sì tún lo bíi wákàtí mọ́kànlá lójú ọ̀run kí a tó balẹ̀ ní Perth. Perth ni olú ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà. Etí odò tí wọ́n ń pè ní Swan ni ó wà, Òkun Íńdíà kò sì jìnnà sí i. Wákàtí méje ni aago wọn fi ṣáájú tiwa. Bí ẹ bá jí ní aago márùn-ún òwúrọ̀ láti gbàdúrà nílé, aago méjìlá ọ̀sán ti lù lọ́dọ̀ wọn. Oṣù kẹsàn-án ni a lọ. Nígbà tí òjò ń rọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà òtútù ń kásẹ̀ ńlẹ̀ lọ́hùn-ún, òdòdó inú igbó sì ń tanná.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n fún wa ní ìwé kan pé kí a kọ gbogbo oúnjẹ, igi, ewé àti irúgbìn tí a kó wá sínú rẹ̀. Màmá kò fi ohun kankan pamọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ náà fi sùúrù tú ẹrù wa wò, wọ́n sì dá èyí tí ó pọ̀ jù padà fún wa. Ṣùgbọ́n wọ́n gba orín àtà tí àwa fúnra wa dì sínú báàgì. A bi wọ́n pé kí ni orín lásán lè ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbà á dá wa lóhùn jẹ́jẹ́ pé òkun yí ilẹ̀ wọn ká, kòkòrò tàbí àrùn kan ṣoṣo tí ó bá bá igi wọlé lè run igbó àti oko àwọn ènìyàn. Inú wa kò dùn, ṣùgbọ́n a gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ orín yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

IGI TÍ A RÒ PÉ A TI MỌ̀

Igi tí à ń sọ ni yukalípítọ́ọ̀sì. Kì í ṣe àjòjì pátápátá ní Nàìjíríà. Nígbà kan tí a lọ ṣe ìpàdé ní Jos, a rí i lọ́pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbìn ín sí orí ilẹ̀ tí àwọn awakùsà tánganran ti wú tí wọ́n sì fi sílẹ̀. Ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ bá sì rún un lọ́wọ́, òórùn ìpara tí a fi ń pa àyà ọmọ tí òtútù mú ni yóò kọlu imú yín. Òpó àti igi ìdáná ni a mọ̀ ọ́n fún. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa rí pé ó ní èso tí a lè fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Ọsirélíà ni ilé rẹ̀ gan-an. Oríṣi rẹ̀ lé ní 700, ó sì kù díẹ̀ kí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Òmíràn kò ga ju ènìyàn lọ. Òmíràn wà ní erékùṣù Tasmania tí gíga rẹ̀ tó bíi 100 mítà. Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, L'Héritier, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ ní ọdún 1788. A rántí èdè Gíríìkì tí wọ́n fi lé wa lórí nílé-ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó so pọ̀ nínú orúkọ náà: ọ̀kan ni “dáadáa”, èkejì ni “èyí tí a bò”. Ohun tí a bò dáadáa! Bí ẹ bá rí ìrudi igi náà, orúkọ yìí yóò yé yín. Ìrudi kọ̀ọ̀kan dà bí ìkòkò kékeré tí ó ní ọmọrí. Ọmọrí yìí ni ó bo òdòdó mọ́lẹ̀ títí àsìkò rẹ̀ yóò fi pé. Ní ọjọ́ tí ó bá pé, ọmọrí yóò já bọ́, òdòdó yóò sì tú jáde bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́: funfun, ìyeyè, pupa, tàbí àwọ̀ osùn tí a bu omi là.

Nígbà tí òdòdó bá rẹ̀ dànù, ìkòkò náà kì í bọ́. Ó ń nípọn sí i, ó ń le sí i, títí yóò fi di igi. Èyí ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní gum nut. Irúgbìn rẹ̀ wà nínú, wọ́n wẹ́ bí áṣáà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀ka bá ṣì wà láàyè, ọ̀pọ̀ nínú èso yìí yóò pa ẹnu dé, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ẹ̀ka bá kú tí ó gbẹ, tàbí tí iná bá jó igbó kọjá, ni ẹnu rẹ̀ máa ń là, tí irúgbìn yóò sì dà sílẹ̀.

Ọgbà ńlá kan wà lórí òkè láàrin ìlú, Kings Park ni orúkọ rẹ̀. Ó tó 400 hẹ́kítà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ igbó gidi. Ọmọ wa mú wa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Bí a ti ń wọlé, yukalípítọ́ọ̀sì olóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ to lọ́tùn-ún lósì, ìtì wọn funfun, wọ́n sì gùn gbọọrọ bí òpó. Nínú ọgbà náà a bá igi kan tí ó mú kí Màmá kígbe, “Osè rèé!” Lóòótọ́, ìbátan osè wa ni. Àríwá jíjìn ní ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ti hú u ní ọdún 2008 nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà, wọ́n sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e rin ọ̀nà tí ó lé ní 3,000 kìlómítà kí wọ́n tó tún un gbìn. Màmá fọwọ́ kan ìtì rẹ̀, ó ní, “Ìwọ náà wá láti ọ̀nà jíjìn.” Ojú ọmọ wa ni ó sì ń wò nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí àwọn èso náà dáadáa. Àwọn Noongar, tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó fún igi kan ní orúkọ marri. Èso rẹ̀ tóbi, ó rí bí orù kékeré, àwọn ẹyẹ ayékòótọ́ dúdú kan sì ń fi ẹnu lílágbára wọn yọ irúgbìn inú rẹ̀ jẹ. Òmíràn wà tí ẹ̀ka rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ bí irun obìnrin. Funfun wà lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi àtíkè kùn ún, èso rẹ̀ sì rí bí agogo kékeré. Silver princess ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọdé ilẹ̀ náà kò jẹ́ gbàgbé èso yìí, nítorí May Gibbs, obìnrin kan tí ó dàgbà ní Perth, ti kọ ìwé ìtàn fún wọn ní ọdún 1918 nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí ń dé èso náà ní fìlà.

“IGI ÌDÁNÁ NI A Ó KÓ SÓRÍ TÁBÌLÌ ÀNA NI?”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ wa là á mọ́lẹ̀ fún wa pé ẹ̀ka yukalípítọ́ọ̀sì àti èso rẹ̀ ni òun fẹ́ kí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn àti tábìlì ìgbéyàwó. Òun kò fẹ́ òdòdó rósì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Màmá mọ̀ pé ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń ṣe olórí àwọn tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ ilé Ọlọ́run ní ìjọ wa. Ó gbé síbí sílẹ̀. Ó ní, “Èso igi inú igbó? Igi ìdáná ni a ó kó sórí tábìlì àna ni?” Kí a má parọ́, àwa náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òbí ọkọ ìyàwó ti Ìjẹ̀bú wá, àwọn ènìyàn wọn tún ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. A ń rò ó pé wọn yóò wò wá bí aláìní.

Ọmọ wa dáhùn jẹ́jẹ́. Ó ní láti òkè òkun ni wọ́n ti ń fi bàálù kó púpọ̀ nínú rósì tí wọ́n ń tà níbẹ̀ wá, kí ọjọ́ méje tó pé orí rẹ̀ ti wó. Ó ní, “Mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níhìn-ín fún ọdún mẹ́fà. Ilẹ̀ yìí ti gbà mí. Mo fẹ́ kí ohun tí ó hù ní ilẹ̀ yìí wà níbi ìgbéyàwó mi, pẹ̀lú aṣọ òkè tí ẹ kó wá láti ilé.” Màmá kò sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbà nínú ọkàn rẹ̀.

Sátidé ni ìgbéyàwó. Ní ọ̀sán Wẹ́sídeè, Màmá ní bí ó bá jẹ́ ewé ni wọ́n ń fẹ́, kí ni à ń náwó lé lórí? Igi kan wà lẹ́yìnkùlé aládùúgbò, a tọrọ àṣẹ, ó sì yọ̀ǹda fún wa. Oòrùn wà lókè nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. A yan àwọn ẹ̀ka ọ̀dọ́ tí ewé orí wọn tutù yọ̀yọ̀ tí ó ń dán, nítorí àwọn ni ó wù wá jù. A tò wọ́n sórí koríko, a wọlé lọ jẹun. Nígbà tí a padà dé, Màmá fi òòlù lu ìdí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan títí ó fi là, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé láti ìgbà èwe rẹ̀, ó wá kó gbogbo rẹ̀ sínú garawa.

Ní òwúrọ̀ Tọ́sìdeè, gbogbo orí ẹ̀ka náà ti tẹ̀ kodoro bí ọrùn adìyẹ tí a pa. Ewé ti rún. Ọmọ wa wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa náà, ó ní, “Yóò rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára ju ewé lọ. Ọdún mẹ́fà ni a kò fi fojú kan ọmọ yìí. Ṣé ọ̀rọ̀ ewé ni yóò wá là wá níyà nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀túnla?

LỌ́DỌ̀ ÀGBÀ OBÌNRIN KAN

A-béèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọkọ ìyàwó gbọ́, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó kó àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A gba ọ̀nà àríwá lọ sí agbègbè Gingin, ó tó bíi wákàtí kan sí Perth, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ iyanrìn. Àgbà obìnrin òyìnbó kan ní oko níbẹ̀ tí ó gbin oríṣiríṣi igi ilẹ̀ wọn fún gígé tà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le. Nínú ọkọ̀, ìyá àti ọmọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Màmá mú ẹ̀ka kan lára èyí tí ó rọ dání. Obìnrin náà gbà á, ó wo orí rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àṣìṣe mẹ́rin ni ó rí lára ẹ̀ka yìí, gbogbo ènìyàn ni ó sì máa ń ṣe é ní ìgbà àkọ́kọ́.

Èkínní, ẹ̀ka ọmọdé ni. Ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò tíì le tó láti di omi ara rẹ̀ mú. Bí a bá ti gé e, omi inú rẹ̀ yóò máa fò lọ ju bí ó ti lè mu lọ. Ó mú ọwọ́ Màmá, ó fi tẹ ewé rírọ̀ kan, ó tún fi tẹ èyí tí ó gbó, tí ó nípọn, tí ó sì ń dún bí ìwé líle. Ó ní, “Ọwọ́ yín ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba ojú yín gbọ́.”

Èkejì, ọ̀sán gangan ni a gé e. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ẹ̀ka kún fún omi jù lọ.

Ẹ̀kẹta, a fi í sílẹ̀ láìsí omi. Inú ẹ̀ka igi dà bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìhò tín-ín-rín tí omi ń gbà gòkè. Bí a bá gé e tí a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú ìhò wọ̀nyí, yóò sì dí ọ̀nà omi. Nítorí náà garawa omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹni tí ń gé e.

Ẹ̀kẹrin ni òòlù. Ibí yìí ni Màmá ti bojú wolẹ̀. Obìnrin náà ní òun náà ti lu ìdí ẹ̀ka fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí bí ìyá òun ti kọ́ òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n lílù ń fọ́ àwọn ìhò náà ni, ìdí tí ó fọ́ sì ń tètè rà nínú omi. Ọ̀bẹ mímú tàbí àlùmọ́gàjí ìgégi ni kí a fi gé e ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́, kí a gé ìwọ̀n ìka méjì kúrò ní ìdí rẹ̀ nígbà tí a bá ń gbé e sínú omi.

Ó kìlọ̀ fún wa pẹ̀lú pé kí a má ṣe gé igi ẹ̀bá ọ̀nà tàbí ti inú igbó. Òfin ìpínlẹ̀ náà dáàbò bo àwọn igi àti òdòdó ilẹ̀ wọn, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

BÍ A TI Ń YAN ÈSO NÁÀ

Lẹ́yìn èyí ó mú wa wọ inú oko. Ó fi igi kan hàn wá tí ó wá láti etí òkun gúúsù, lápá Esperance. Tallerack ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ní igun mẹ́rin, èso rẹ̀ náà ní igun mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ sì funfun bí ẹni pé ẹfun ni a fi kùn ún. Òmíràn wà tí àwọn èso rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn di bọ́ọ̀lù ẹlẹ́gùn-ún kan. Silver princess tí a rí nínú ọgbà náà wà níbẹ̀.

Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ yan èso yìí fún ìkòkò òdòdó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí òun ń wá. Bí ó bá jẹ́ ìrudi ni, kí ọmọrí rẹ̀ ṣì wà ní dídé, kí ó má sì já bọ́ nígbà tí a bá gbọn ẹ̀ka. Bí ó bá jẹ́ èso ni, kí ó le, kí ó wúwo lọ́wọ́, kí ó dì mọ́ ẹ̀ka pinpin, kí ẹnu rẹ̀ sì wà ní pípadé. Kí a wo ẹ̀yìn ewé bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Kí a má mú ẹ̀ka tí èso rẹ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí yóò tẹ̀ lórí tábìlì.

Àwa rí ẹ̀ka kan tí èso rẹ̀ tóbi, tí ó gbó, tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ẹnu rẹ̀ sì là bí ìràwọ̀. A ní èyí ni ó lẹ́wà jù. Obìnrin náà ní rárá, èyí tí ó ti lanu kò ní í pẹ́ da irúgbìn rẹ̀ sórí aṣọ tábìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yíjú, a tì í sí àárín ìdì tiwa. Ọlọ́run dárí jì wá.

Ó kọ́ Màmá pẹ̀lú pé ìdí ẹ̀ka ni kí ó máa dì mú. Àtíkè funfun ara èso àti ewé náà kì í padà bí ọwọ́ bá ti nù ún kúrò, nítorí náà a kì í fi aṣọ nù ún, a kì í sì í wọ́n omi sí i.

ALẸ́ ỌJỌ́ KEJÌ

Ní alẹ́ Fúráìdeè, Màmá bọ́ gèlè rẹ̀, ó wé ìborùn mọ́ ìdí. Inú ilé ìgbọ́kọ̀sí ni ó tò garawa mẹ́jọ sí. Ó ti fi ọṣẹ àti omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun fọ gbogbo wọn, ó sì ti fi omi púpọ̀ ṣàn wọ́n, nítorí garawa ìdọ̀tí ni ó máa ń tètè pa ewé. Láti àná tí a ti kó ẹ̀ka náà dé ni wọ́n ti ń mu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ nínú òkùnkùn àti òtútù. Obìnrin àgbà náà ti sọ pé kí a má tíì fi wọ́n ṣe ohunkóhun títí wọn yóò fi mu omi di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá wá ń já gbogbo ewé tí yóò rì sínú omi kúrò, kí wọ́n má baà rà níbẹ̀.

Láìpẹ́ ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ wa jáde wá, ó jókòó lórí àpótí, ó mú ẹ̀ka kan, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé. Fún ìgbà pípẹ́ ìró àlùmọ́gàjí nìkan ni à ń gbọ́. Lẹ́yìn náà Màmá sọ pé, “N kò mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́, ọmọ mi.” Ọmọ wa kúnlẹ̀ láàrin omi àti ewé ilẹ̀, ó ní, “Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Màámi. Ẹ̀rù ni ó bà mí. Mo rò pé ẹ kò fẹ́ ibi tí mo wà ni.” Àwa tí a jẹ́ bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, a kò lè wọlé, a kò lè padà sẹ́yìn.

Àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ náà títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ọmọ ni ó mọ igi náà, ìyá ni ó mọ bí a ti ń tò ó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Màmá yan àwo amọ̀ tí ó wúwo tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, nítorí èso náà lè dojú àwo fífúyẹ́ délẹ̀. Ó gbé àwọn ẹ̀ka náà jìnnà sí àbẹ́là, nítorí òróró wà nínú ewé wọn tí ó máa ń gbaná. Ó sì gbé èyí tí òórùn rẹ̀ le jù jìnnà sí ìjókòó àwọn arúgbó, nítorí ikọ́ èémí ń da ẹnìkan láàmú nínú wọn. Ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé ni ó gbé àwọn tó kù sí, torí òróró ewé náà kò dára fún ẹnu.

Ní ọjọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn náà dùn ún wò. Funfun ẹ̀ka náà bá funfun aṣọ tábìlì mu, èso ìgun mẹ́rin náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètù àti sányán bí ẹni pé ibì kan náà ni wọ́n ti wá. Ìyá ọkọ gbé ẹ̀ka kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi Màmá léèrè ibi tí ó ti rí ohun dáradára bẹ́ẹ̀. Màmá ní, “Ọmọ wa ni ó yàn án.” Nígbà tí wọ́n fẹ́ gé àkàrà òyìnbó, a rí ohun dúdú wẹ́wẹ́ bí áṣáà lórí aṣọ funfun tí wọ́n gbé e lé. Ẹ̀ka ẹlẹ́nu-lílà tiwa ni! Màmá wò wá. A sì fi ọwọ́ ara wa gbọ̀n ọ́n kúrò.

OHUN TÍ A KÒ LÈ KÓ WÁLÉ

A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ní Perth. Ní ọjọ́ méjì-méjì ni Màmá ń pààrọ̀ omi, tí ó ń gé ìdí ẹ̀ka díẹ̀ sí i, tí ó sì ń pa wọ́n mọ́ kúrò lọ́wọ́ oòrùn àti afẹ́fẹ́ fáànù. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ó dì díẹ̀ nínú wọn, ó so wọ́n kọ́ ní ìdojúdé níbi tí kò sí oòrùn, wọ́n sì gbẹ láìbàjẹ́. Ó ki òmíràn bọ omi gbígbóná tí a pò mọ́ gílísírìnì, ìwọ̀n omi méjì sí ìwọ̀n gílísírìnì kan. Àwọn yẹn pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ewé wọn kò rún.

Nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́, a rí i tí ó di èso mẹ́fà sínú áńkáṣíìfù. Ó fẹ́ gbé wọn sórí tẹlifíṣọ̀n nílé. A kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. A ní, “Orín.” Ó dúró jẹ́ẹ́. Ìlú tiwa náà ní òfin pé ẹni tí yóò kó irúgbìn wọlé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ilẹ̀ tiwa náà sì ní oko àti igbó tí àrùn àjèjì lè bàjẹ́. Ohun tí a kò fẹ́ kí a ṣe sí wọn, kò yẹ kí a ṣe é sí ara wa. Màmá tú áńkáṣíìfù náà, ó to èso mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sójú fèrèsé ọmọ rẹ̀, a sì jáde lọ wọ ọkọ̀.

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí a dé, ọmọ wa pè wá. Ó ní àwọn èso náà ti lanu fúnra wọn lójú fèrèsé. Ó ti gbá irúgbìn wọn jọ, ó fọ́n ọn sínú ìkòkò tí ó kún fún iyanrìn, méjì sì ti hù. Màmá ní kí ó máa rọra bomi rin ín.

Ẹ̀yin ará, a kò ní yukalípítọ́ọ̀sì lẹ́yìnkùlé ilé ìjọ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ inú ilé ìsìn ní àárọ̀ Sátidé báyìí, ẹ ó rí garawa ewé àdúgbò wa nínú yàrá ẹ̀yìn. Ewé tí ó gbó ni, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni a gé wọn, wọ́n sì ń mu omi nínú òkùnkùn de ọjọ́ Àìkú. Òòlù Màmá ti padà sínú àpótí irinṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó wá bá a níbẹ̀ ní aago méje, kí ó sì mú àlùmọ́gàjí mímú dání.